Ẹ Béèrè Ọjọ́ Tó Wà Lórí Ìwé Rẹ̀: Lẹ́tà sí Gbogbo Ará Ìrè-Èkìtì

Kábíyèsí, Onírè ti Ìrè-Èkìtì, ẹ̀yin ni mo kọ̀wé yìí sí. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin pásítọ̀ àti lémọ́ọ̀mù, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti rìnrìn àjò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Winnipeg ni mo ti ń kọ̀wé yìí, olú ìlú ìpínlẹ̀ Manitoba ní Kánádà. Ìrè ni mo fi í ránṣẹ́ sí nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ, ṣùgbọ́n kí ará Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé, Ìdó, Ìtapà, Ayédé, Ìsàn àti Ìlúpéjú má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn.

Bí ọmọ bá pe ilé láti Kánádà pé ìpínlẹ̀ tí òun ń gbé ti yan òun fún ìwé ìgbélùú, ńṣe ni ilé máa ń gbóná fún ayọ̀. Ìyá á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́, bàbá á sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹbí ti gbà pé ọmọ ti rí ìwé gbà. Bẹ́ẹ̀, kò tíì rí i gbà. Ìpínlẹ̀ kàn dárúkọ rẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀ ni. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè fún èèyàn ní PR, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ìlú náà títí lọ. Láàárín ìgbà tí wọ́n dárúkọ ọmọ àti ìgbà tí PR máa jáde, oṣù á gorí oṣù, ó sì lè ju ọdún kan lọ. Láàárín àkókò yẹn, ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun, ó gbọ́dọ̀ sanwó ilé, ó gbọ́dọ̀ ra ẹ̀wù tí òtútù kò fi ní pa á. Ìwé wo ni yóò fi ṣiṣẹ́? Ìbéèrè yìí ni a kì í bi àwọn ọmọ wa, torí rẹ̀ ni mo sì ṣe ń kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ètò náà ṣe rí, kó yé ẹni tí kò kúrò ní Ìrè rí. Gbogbo ìpínlẹ̀ àti agbègbè Kánádà ló ní ètò yíyàn yìí, àfi Quebec àti Nunavut. Manitoba wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti 1998. Toronto, Vancouver àti Montreal ni ọ̀pọ̀ jù lọ àlejò ń rọ́ lọ nígbà náà, àwọn ìpínlẹ̀ tó jìnnà sì ń wá ẹni tí yóò tọ́jú aláìsàn àti arúgbó, ẹni tí yóò wa ọkọ̀ akẹ́rù, ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ ní ilé ìpẹran. Wọ́n wá gba àyè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ láti máa fúnra wọn yan ẹni tó bá wúlò fún wọn. Ìdí nìyí tí ọmọ Èkìtì fi pọ̀ ní ibi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù márùn-ún láàárín ọdún.

Ìwé iṣẹ́ kì í ṣe ara yíyàn yẹn. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọrọ rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni owó rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ọjọ́ tí yóò kú. Tákàdá kan péré ni. Orúkọ ẹni tó ni ín wà lórí rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí orúkọ ilé iṣẹ́ tó gba ọmọ náà, irú iṣẹ́ tí yóò ṣe àti ìlú tí yóò ti ṣe é. Ọjọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i àti ọjọ́ tí yóò parí. Nísàlẹ̀ ni àwọn ìkìlọ̀ wà: kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn, ó gbọ́dọ̀ kúrò ní ìlú nígbà tí ọjọ́ bá pé. Àwọn kan ní èyí tí kò so wọ́n mọ́ ẹnì kankan, tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ níbikíbi, ṣùgbọ́n ọjọ́ wà lórí tiwọn náà.

Ọmọ tó bá kàwé jáde ní Kánádà lè gba ìwé iṣẹ́ tó máa tó ọdún mẹ́ta ó pẹ́ tán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni wọ́n ń fúnni nìyẹn, bó bá sì parí, kò sí pé a ń tún un gbà. Láàárín ọdún yẹn ni yóò ti wáṣẹ́, tí yóò fi ní ìrírí, tí ìpínlẹ̀ yóò fi rí i yàn. Bí wọ́n bá wá yàn án nígbà tí ìwé yẹn ti ń lọ sópin, ó lè ní kí ìpínlẹ̀ kọ lẹ́tà ìtìlẹ́yìn fún òun, kó fi lẹ́tà náà tọrọ ìwé iṣẹ́ tuntun lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń bá ṣiṣẹ́. Bó bá ti fi ìwé PR ṣọwọ́ sí ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ti kọ lẹ́tà sí i pé fáìlì rẹ̀ pé, tí yíyàn rẹ̀ kò sì so ó mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo, ìwé iṣẹ́ mìíràn tún wà tí wọ́n ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó lè máa fi jẹun títí PR á fi jáde. Kánádà ni èèyàn gbọ́dọ̀ wà kó tó lè tọrọ èyí, ìwé iṣẹ́ tó ní tẹ́lẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tíì kú pátápátá.

Ọmọ tó ṣì wà ní Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́, tí ìpínlẹ̀ kan yàn láìsí ọ̀gá kankan tó gbà á síṣẹ́, yíyàn yẹn kò fún un ní ìwé iṣẹ́ kankan. Ilé ni yóò wà títí PR á fi jáde. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kó máa bọ̀ ní tirẹ̀, pé iṣẹ́ ń dúró dè é, irọ́ ló ń pa.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ wa tó wà níbí mọ̀ sórí. Bí wọ́n bá fi ìwé tọrọ àfikún kí ọjọ́ tó wà lórí ìwé iṣẹ́ wọn tó pé, bó ṣe ọjọ́ kan péré ló kù, òfin gbà kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ títí èsì á fi dé, bí wọn kò bá ti jáde kúrò ní Kánádà. Bí ọjọ́ náà bá fi kọjá, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n ní 90 ọjọ́ láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá ipò wọn padà, ṣùgbọ́n nínú ọjọ́ wọ̀nyí, iṣẹ́ kankan kò sí fún wọn. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹ̀rí lé ìjọba lọ́wọ́ láti fi kọ PR rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan láti agbègbè wa, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀, wá bá mi nílé ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó tẹ́ ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná mi, mo wò ó, ọjọ́ ti kọjá. Ìpínlẹ̀ ti yàn án. Ó ti fi ìwé PR ṣọwọ́, àmọ́ lẹ́tà tí yóò sọ pé fáìlì rẹ̀ pé kò tíì dé. Ilé ìtọ́jú arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ ti ní kó máa lọ sílé, nítorí wọn kò lè gba ẹni tí ìwé rẹ̀ ti kú síṣẹ́. Ká ní ó ti gba lẹ́tà ìtìlẹ́yìn ìpínlẹ̀, kó sì fi tọrọ ìwé iṣẹ́ tuntun ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ì bá ṣì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tó dá a dúró. Ó tẹ fóònù rẹ̀ kí n gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lórí WhatsApp. Bàbá náà kò pariwo. Ó rọra ń sọ pé òjò ti ń bọ̀, pé páànù ilé kò tíì pé, pé ọmọ aládùúgbò tó dé Kánádà lẹ́yìn rẹ̀ ti kọ́ ilé tirẹ̀ dé òrùlé. Owó tó yẹ kí ọmọ yìí fi wá agbẹjọ́rò ló fi ra páànù.

Ohun tó tún wá ṣe lẹ́yìn náà ló pa á lára jù. Ó lọ ń já ẹrù lóru ní ilé ìkẹ́rùsí kan, níbi tí wọ́n ti ń ka owó síni lọ́wọ́ láìkọ orúkọ ẹni sílẹ̀. Ó ń fi owó náà ránṣẹ́ sílé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọ́fíìsà àjọ ìwọ̀lú bi í bó ṣe ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ ti kú, àkọsílẹ̀ báńkì rẹ̀ sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ. Wọ́n kọ̀ láti fún un ní PR. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí pé ìwé ọmọ òun ti kú nígbà tí òun ń béèrè páànù. Ká ní ó mọ̀ ni, ó dá mi lójú pé kì bá tí béèrè.

Gbogbo ọmọ Ìrè ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Ògún padà wálé láti ojú ogun, tó bá àwọn èèyàn níbi tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Agbè ẹmu ti gbẹ, kò sí ẹni tó kí i káàbọ̀, kò sì sí ẹni tó lè ṣàlàyé fún un. Ó fa idà yọ. Nígbà tí ẹni tó máa ṣàlàyé fi dé, orí ti bọ́ lọ́rùn, àbámọ̀ ló sì kù. Irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wà láàárín àwa tí a wà lókè òkun àti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé báyìí. Ọmọ kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ìdààmú wà. Ìyá kò fẹ́ béèrè, kó má dà bí ẹni pé kò fọkàn tán ọmọ. Owó nìkan la jọ ń sọ.

Ó sì tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní 2025. Ní 2024, iye èèyàn tí Kánádà fẹ́ gbà nípasẹ̀ yíyàn àwọn ìpínlẹ̀ jẹ́ 110,000. Fún 2025, wọ́n gé e sí 55,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, Manitoba tó ní àyè 9,500 tẹ́lẹ̀ bá ara rẹ̀ pẹ̀lú 4,750, Ontario bọ́ láti 21,500 sí 10,750, Saskatchewan láti 7,250 sí 3,625. Àwọn ìpínlẹ̀ kan padà rí àfikún díẹ̀ gbà, àmọ́ ẹni tí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ti kú ṣáájú àfikún náà kò rí nǹkan fi ṣe. Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun rere tó yẹ ní sísọ: ní oṣù karùn-ún 2024, ìjọba àpapọ̀ gba ẹ̀bẹ̀ Manitoba, wọ́n sì gbà láti fa ìwé iṣẹ́ nǹkan bí 6,700 èèyàn gùn, àwọn tí ìwé wọn fẹ́ kú nígbà tí wọ́n ń retí kí ìpínlẹ̀ yàn wọ́n. Mo mọ àwọn tó sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn náà jáde. Àánú tó ní ọjọ́ ìparí ni, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ejẹ́ńtì tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò ló kàn. Mi ò ní sọ pé olè ni gbogbo wọn, nítorí mo mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tinútinú. Ṣùgbọ́n ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń tà fún àwọn òbí ní Adó àti Ìkọ̀lé kò sí lọ́jà mọ́. Wọ́n ní kí ọmọ gba físà àbẹ̀wò, pé bó bá ti dé ibẹ̀, yóò yí i sí ìwé iṣẹ́. Òótọ́ ni pé àyè yẹn wà fún ìgbà kan, láti 2020 nígbà àrùn Kòrónà. Ìjọba Kánádà ti ilẹ̀kùn yẹn ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 2024. Wọ́n ní kó sáré lọ sí ẹnubodè Amẹ́ríkà, kó yíjú padà, kí wọ́n fún un ní ìwé iṣẹ́ níbẹ̀. Ìyẹn náà parí ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún kan náà. Àwọn mìíràn ń ta lẹ́tà iṣẹ́ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù náírà, wọ́n ní yóò fi kún máàkì ọmọ. Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹta 2025, lẹ́tà iṣẹ́ kò fi máàkì kankan kún ti ẹnikẹ́ni mọ́ nínú Express Entry, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń fún àwọn tó ń wá PR ní máàkì. Ẹni tó ṣì ń ta á lẹ́yìn ọjọ́ yẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Owó tí ìjọba Kánádà gbà lọ́wọ́ mi fún ìwé iṣẹ́ jẹ́ dọ́là 155, pẹ̀lú 100 sí i nítorí pé tèmi kò so mọ́ ọ̀gá kankan. Ẹ fi èyí wé iye tí àwọn ejẹ́ńtì ń béèrè lọ́wọ́ yín. Òfin Manitoba láti 2009 kò gba kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nítorí pé ó bá a wáṣẹ́. Òfin Kánádà kò sì gba kí ẹnikẹ́ni gba owó láti ṣojú èèyàn níwájú àjọ ìwọ̀lú, àfi àwọn bí agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn, tí wọ́n ń pè ní College of Immigration and Citizenship Consultants. Orúkọ gbogbo àwọn tó ní ìwé àṣẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni wíwò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ta ilẹ̀ kòkó bàbá rẹ̀, kó kọ́kọ́ ní kí ejẹ́ńtì fi orúkọ ara rẹ̀ hàn án níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ ìjọba, ọwọ́ yín náà wà nínú bí ọjọ́ ṣe ń sá lọ mọ́ àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́. Nígbà tí Manitoba bá yan èèyàn, oṣù mẹ́fà ló ní láti fi ìwé PR ṣọwọ́. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn ni yóò wá ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá láti Nàìjíríà, tí yóò kó lẹ́tà àwọn ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí jọ, tí yóò lọ ṣàyẹ̀wò ara. Ẹnìkan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní apá Ìdó lè ti tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn, síbẹ̀ kó máa bẹ àwọn èèyàn kiri fún lẹ́tà olójú ewé kan. Láti oṣù kẹta 2024, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ti ní kí nọ́ọ̀sì lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó bá a fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún òkè òkun. Mo mọ ìdí rẹ̀, àwọn wọ́ọ̀dù wa ti ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe ọdún méjì náà, tó ti ṣe mẹ́wàá pàápàá, kò yẹ kí lẹ́tà rẹ̀ máa sùn sínú dúrọ́ọ̀ nítorí pé akọ̀wé kan ń retí ohun tí yóò tọ́wọ́ bọ̀ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wa; àwọn àgbà tó ń ka lẹ́tà yìí yóò rántí 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, tí wọ́n ti ń tajà níbẹ̀ tipẹ́, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, di ẹrù wọn lóru, àwọn mìíràn fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà inú rẹ̀. Àwa náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà ní oṣù kìíní 1983, nígbà ìjọba Shagari. Kò sí ẹni tó bi wọ́n bóyá òṣìṣẹ́ tó dára ni wọ́n, tàbí iye ọdún tí wọ́n ti lò. Ìwé nìkan ni wọ́n béèrè.

Kábíyèsí, ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Nígbà ọdún Ògún, tí àwọn ọmọ Ìrè máa ń wálé láti ibi gbogbo, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀sán kan sílẹ̀ láàfin fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ti la ọ̀nà yìí kọjá jókòó, kí òbí tó fẹ́ rán ọmọ lọ béèrè ohun tó bá wù ú, kí ọ̀dọ́ gbé orúkọ ejẹ́ńtì rẹ̀ jáde kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù lójú gbogbo èèyàn. Àwa tí kò bá lè wá yóò dá sí i láti ibí. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti lémọ́ọ̀mù, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé, ọjọ́ tí ẹ bá gbàdúrà ìdúpẹ́ fún ọmọ tí ìpínlẹ̀ yàn, ẹ sọ fún ìjọ pé ó ṣì ku ìwé kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí ìwé iṣẹ́ yín yóò parí sí ibi tí ojú yín yóò ti máa rí i lójoojúmọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìtọrọ tuntun nígbà tó bá ku oṣù mẹ́rin. Bí ọjọ́ bá fi kọjá mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má ṣiṣẹ́ àṣírí. Ẹ pe ilé, ẹ sọ òótọ́. Mo ti rí òbí tó ta ewúrẹ́ láti fi bọ́ ọmọ rẹ̀ ní Winnipeg fún oṣù kan, inú wọn dùn láti ṣe é, ọmọ náà sì ti gba PR rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin tí mo bẹ̀rù tí mo sì fẹ́ràn jù, ọ̀dọ̀ yín ni mo gbé ẹ̀bẹ̀ mi dé. Nígbà mìíràn tí ẹ bá pe ọmọ yín ní Kánádà, kí ẹ tó dárúkọ páànù, owó ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìnáwó ẹbí, ẹ bi í léèrè ọjọ́ tó wà lórí ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ku díẹ̀ kó pé, ẹ sọ fún un pé kó fi owó oṣù yìí tọ́jú ìwé rẹ̀, pé ilé lè dúró.

Èmi ni, ọmọ yín,
ọmọ Ìrè tó ń gbé ní Winnipeg.